Ẹ Bi Ìyá Tíṣà: Ẹgbẹ́ Wa Ń Ṣe Dáadáa, Òjò Sì Dé

Lẹ́tà bọ́ọ̀lù ló kún àpò mi lóṣù yìí. Òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìdíje àdúgbò ti ń lọ sópin, àwọn ọmọ Ìbàdàn sì ti gba ara wọn mú lọ́rùn aṣọ. Ẹ̀yin tí ẹ bi mí nípa ilẹ̀ àjogúnbá àti ìyá ọkọ, ẹ forí jì mí, ó di oṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ni mo fi ṣe iṣẹ́ tíṣà kí n tó fẹ̀yìn tì. Pápá Liberty tó wà l'Ókè-Àdó, tó ń jẹ́ pápá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, ni olóògbé ọkọ mi sì ti kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù wíwò. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ mi ni ẹ gbé wá.

*

Ìyá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa. Láti oṣù Kìíní, ẹnikẹ́ni ò tíì nà wá. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ń gbá, gbà-kí-n-gbà, gbogbo àdúgbò ló ń yìn wọ́n. Ní Sátidé tó kọjá, òjò ńlá rọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, omi gba pápá ilé-ìwé tí à ń lò, ni ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá bá bá wa ta ọ̀mì, 1–1. Kóòṣì ní òjò ló fà á. Àwọn alátìlẹ́yìn ní kóòṣì ló fà á. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ara wọn. Ẹ bá wa dá a.
Akọ̀wé ẹgbẹ́, Òkè-Àdó

Akọ̀wé wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Àwọn alátìlẹ́yìn ló jàre, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu wọn ti gùn jù. Orí ẹgbẹ́ méjèèjì ni òjò yẹn rọ̀ lé. Ẹgbẹ́ ìsàlẹ̀ tí ẹ ń fojú di ló wá gbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ òjò, tiyín ṣì ń gbá ti ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn.

Koríko tó kàn tutù yàtọ̀ sí ilẹ̀ tí omi dúró sí, èyí sì ni ọ̀pọ̀ kóòṣì ò yà sọ́tọ̀. Lórí koríko tútù, bọ́ọ̀lù a máa yọ̀, a máa yára ju bí ẹni tó gbá a ṣe rò lọ. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló dára láti gbá a sójú ilé láti ọ̀nà jíjìn, kó lọ sílẹ̀, torí yóò ta kàn ilẹ̀ níwájú kípà, yóò sì yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹnì kan ṣáà ti máa sáré bọ̀ láti gba èyí tó bá bọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí omi bá dúró sí, bọ́ọ̀lù ò ní yọ̀ rárá. Yóò dúró gbári. Ẹni tó fẹ́ gbà á ti sáré kọjá, ẹni tó ń lé e ló máa wá kó o. Gbà-kí-n-gbà tí ẹ fi ń yangàn kú síbẹ̀ nìyẹn. Lójú omi, òkè ni bọ́ọ̀lù ń gbà.

Nísinsìnyí, ẹ lọ wo pápá ilé-ìwé èyíkéyìí n'Ìbàdàn. Iwájú ilé méjèèjì àti àárín gbùngbùn ni ẹsẹ̀ ti jẹ koríko tán. Ilẹ̀ pupa ló kù níbẹ̀, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé omi ò ríbi wọlé sí. Etí pápá ni koríko ṣì wà, nítorí àwọn ọmọdé kì í fẹ́ lọ síbẹ̀, àárín ni oníkálukú fẹ́ ti gba góòlù. Èyí túmọ̀ sí pé bí òjò bá ti rọ̀, etí pápá ni ọ̀nà yín. Ẹ gbé e gba ẹ̀gbẹ́ lọ, kí ẹ wá sọ ọ́ sókè wọ inú àpótí. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí kóòṣì mú bọ́ọ̀lù kan, kó rìn yíká, kó máa jù ú sílẹ̀ láti ìwọ̀n èjìká. Ibi tó bá ti balẹ̀ pọ̀tọ̀ tí kò ta sókè, kó pe àwọn ọmọ rẹ̀ wá wò ó. Rẹfirí tó mọṣẹ́ náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó pinnu bóyá eré á wáyé.

Ohun tó ṣe yín ti ṣe àwọn tó ju yín lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 1974, Pólàńdì àti Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì pàdé ní Frankfurt nínú ìdíje Ife Àgbáyé. Ẹni tó bá mókè ló ń lọ sí àṣekágbá. Òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ yẹn pọ̀ débi pé àwọn panápaná ló wá ń fa omi lórí pápá, eré sì pẹ́ ní nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú kó tó bẹ̀rẹ̀. Pólàńdì ní Lato àti Gadocha, àwọn eléré sísá tó ti dààmú gbogbo ẹ̀yìn tí wọ́n bá pàdé. Omi ò jẹ́ kí wọ́n sá. Ọ̀mì ti tó Jámánì, Pólàńdì ló gbọ́dọ̀ borí. Tomaszewski, kípà wọn, tilẹ̀ gba pẹnárítì tí Hoeness gbá. Ní ìṣẹ́jú 76, Gerd Müller rí àyè kékeré nínú àpótí, ó gbá a wọlé, ó parí. Jámánì lọ, wọ́n sì gba ife náà. Èmi gbà pé kò yẹ kí wọ́n gbá eré yẹn lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ ẹ ṣàkíyèsí ẹni tó jẹ góòlù: kì í ṣe ẹni tó nílò pápá gígùn. Ẹ wá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yín, ọmọ tó máa ń rọ́ kiri iwájú ilé láìṣe nǹkan kan lójú ẹ̀ẹ̀rùn, tí gbogbo yín ti ń sọ pé ó ya ọ̀lẹ. Ẹ fi í sílé lọ́jọ́ tó bá gbẹ, kí ẹ mú un jáde bí òjò bá dé.

Ọ̀nà kan tún wà tó rọrùn ju gbogbo èyí lọ, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó ń ṣe é: ẹ gbé eré yín lọ sí àárọ̀. Oòrùn ló ń gbóná mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀, ooru àti ọ̀rinrin á máa gòkè, ìkùukùu á ṣú lọ́sàn-án, òjò á sì balẹ̀ láàárín aago mẹ́ta sí alẹ́. Aago mẹ́rin tí ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn! Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé, omi alẹ́ àná á ti wọlẹ̀ díẹ̀, ẹ ó sì ti parí kí àwọn èèyàn tó lọ sóde ìyàwó. Ẹ má sọ fún mi pé àwọn ọmọ ò lè jí. Ọmọ tí ò lè jí, ẹ jẹ́ kó sùn, kẹ́ ẹ fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀.

Ní ti ọ̀mì, kò ba nǹkan kan jẹ́. Inú ọyẹ́, lórí ilẹ̀ tó le bí àwo, ni ẹ ti kó gbogbo àmì tí ẹ ní jọ. Èyí tó kù ni kí ẹ kọ́ ìdajì bọ́ọ̀lù tí ẹ ò tíì mọ̀.

*

Ìyá wa, èmi àti àkọ́bí mi ọkùnrin ò sọ̀rọ̀ dáadáa láti ọjọ́ Àìkú. Mo ní 3SC, ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn wa, ò tíì ní sáà tó dà bí ti 1976. Ó ní ìtàn lásán ni mò ń jẹ yó, pé láti ìgbà tí òun ti dáyé, òun ò rí i kí wọ́n gba líìgì, pé Remo Stars tó wà n'Íkẹ́nnẹ́ lásán-làsàn gba líìgì ní 2025, àwa ṣì ń ki Ọdẹ́gbàmí. Ẹ bá mi bá a wí.
Bàbá kan, Ọjà'ba

Bàbá, n kò ní bá a wí, nítorí òótọ́ ló sọ. Òótọ́ ni ẹ̀yin náà sọ, ìyẹn ló ń bí ẹ̀yin méjèèjì nínú. Ọdún 1998 ni 3SC gba líìgì kẹ́yìn. Ṣáájú ìyẹn, wọ́n gbà á ní 1976, 1980, 1983 àti 1995. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn 1998 ti ń tọ́jú irùngbọ̀n báyìí, ẹ ò lè fi orúkọ bọ́ ọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní 1976, IICC Shooting Stars, bí wọ́n ṣe ń pè é nígbà náà, gba líìgì, wọ́n sì tún gba Ife Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà rí kó tó di ọjọ́ yẹn. Tonnerre ti ìlú Yaoundé ní Cameroon ni wọ́n bá fà á ní àṣekágbá, ẹgbẹ́ tí Roger Milla wà nínú rẹ̀. 4–1 ni a nà wọ́n n'Ìbàdàn níbí. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ wọn, 1–0 ni wọ́n nà wá, a sì gbé ife bọ̀. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, Múdà Lawal, Best Ogedegbe lójú ilé: àwọn tó gbọ́njú nígbà náà ò gbàgbé orúkọ wọ̀nyí. Ní 1980, tí Nàìjíríà na Algeria 3–0 gba Ife Áfíríkà l'Ékòó, Ọdẹ́gbàmí ló jẹ méjì, Múdà Lawal jẹ ẹyọ kan. Ọmọ 3SC ló jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gba líìgì, òun náà sì ni ọdún Omíyalé, tí Ògùnpa kún ya wọ ìlú ní 31 oṣù Kẹjọ. Ayọ̀ àti ẹkún nínú ọdún kan. Àwa tó wà níbẹ̀ kì í lè dárúkọ ọ̀kan láìdárúkọ èkejì.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí bàbá àtọmọ jọ jókòó rò ni èyí. Ẹ to àwọn àṣekágbá ilẹ̀ Áfíríkà tí 3SC gbá síwájú ara yín. 1976: 4–1 n'Ìbàdàn, a gba ife. 1992, ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n dá CAF Cup sílẹ̀: 0–0 ní Kampala lọ́dọ̀ Villa ti Uganda, 3–0 nílé, a gba ife. 1996: 2–1 péré n'Ìbàdàn, Zamalek ti Íjíbítì náà na wa 2–1 ní Cairo, pẹnárítì wọlé dé, 5–4, wọ́n gbé ife lọ. 1984, Zamalek yẹn náà ni: 2–0 ní Cairo, èyí tó yẹ kó jẹ́ tilé, Èkó la ti gbá a, wọ́n sì tún nà wá 1–0. Ẹ wò ó dáadáa. Ìgbà tí a bá ti kó góòlù jọ n'Ìbàdàn, lórí ilẹ̀ tí a mọ̀, nínú ooru àti òjò tí a mọ̀, kò sí ohun tí wọ́n lè fi wá ṣe lẹ́yìn odi. Ìgbà tí a bá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú tilé tàbí tí a gbé e lọ síbòmíràn, a ń sunkún ni. Èyí ni mo ṣe ń bínú sí àwọn tó ń sọ pé kí 3SC máa lọ gbá eré rẹ̀ níbi tí koríko ti dára jù lọ nítorí òjò. Kí wọ́n tún pápá wa l'Adámásingbà ṣe, kí omi ríbi gbà, kí àwọn ọmọ wa mọ ibi tó ti ń yọ̀ àti ibi tí kì í yọ̀ bí ẹni mọ yàrá ara rẹ̀. Nǹkan tí à ń pè ní sáà tó lágbára kò jùyẹn lọ.

Nítorí náà, 1976 ni tèmi náà, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, kí ẹ mú ọmọ yín lọ wo èyí tó ń lọ lọ́wọ́. Kò dára kí bọ́ọ̀lù jẹ́ ohun tí bàbá rí tí ọmọ ò rí.

*

Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni kípà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àrá ń sán wàràwàrà, kóòṣì wọn ò dá eré dúró. Nígbà tí mo pariwo, ó ní ọmọ Ọ̀yọ́ kì í sá fún Ṣàngó. Àwọn bàbá tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣé èmi ni mo ń ṣe ojo ni?
Ìyá kípà, Mọ́kọ́lá

Ẹ ò ṣe ojo. Kóòṣì yẹn ló ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe àṣehàn. Àwọn adóṣù Ṣàngó tí mo mọ̀ ní Ọ̀yọ́ gan-an, bí àrá bá ti ń sán, inú ilé ni wọ́n máa ń wà.

Nínú gbogbo ohun tí ojú ọjọ́ lè ṣe fún agbábọ́ọ̀lù, èyí nìkan ni n kì í bá ènìyàn ṣàwàdà lé lórí. Omi, ẹrẹ̀, ọyẹ́, gbogbo rẹ̀ ni ènìyàn lè kọ́ bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Kò sí ẹ̀kọ́ tó wà fún mànàmáná. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1998, ìròyìn jáde láti ilẹ̀ Kóńgò pé àrá pa agbábọ́ọ̀lù 11 nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo lórí pápá. Dípò kí wọ́n wo ojú sánmọ̀, oògùn ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí fẹ̀sùn rẹ̀ kan ara wọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ní orílẹ̀-èdè Peru, rẹfirí tilẹ̀ ti dá eré dúró, àwọn ọmọ ti ń rìn jáde, àrá ṣì bá wọn, ẹnì kan kú, àwọn mìíràn farapa. Ẹ rí i pé ìrìn jẹ́jẹ́ kò tó, ẹ sì rí i pé ó ti pẹ́ jù kí wọ́n tó dá a dúró.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Bí ẹ bá rí mànàmáná, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ka ìṣẹ́jú-àáyá títí ẹ ó fi gbọ́ ìró àrá. Ìró ń lo ìṣẹ́jú-àáyá bíi mẹ́ta kó tó rin kìlómítà kan. Bí ẹ ò bá ka 30 kó tó dún, ó ti súnmọ́ tó láti pa ènìyàn. Kí gbogbo ọmọ kúrò lórí pápá. Lẹ́yìn àrá tó sán gbẹ̀yìn, ẹ dúró fún 30 ìṣẹ́jú. Bí òmíràn bá sán láàárín ìyẹn, ẹ tún kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò kọ́ ni kí wọ́n lọ, ẹ̀gbẹ́ òpó góòlù kọ́, ẹ̀gbẹ́ wáyà ọgbà náà kọ́. Kí wọ́n wọ kíláàsì tàbí inú ọkọ̀ tó ní ìlẹ̀kùn tí fèrèsé rẹ̀ sì wà ní títì. Míkírà dára. Márúwá kò sí nínú rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún rẹ́rìn-ín, ẹ sọ fún un pé ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2025, Chelsea àti Benfica ń gbá bọ́ọ̀lù ní Charlotte l'Amẹ́ríkà, Chelsea ń ṣáájú 1–0, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kó parí. Mànàmáná dé nítòsí, wọ́n kó gbogbo wọn wọlé, wọ́n sì jókòó fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Nígbà tí wọ́n padà, Benfica gba pẹnárítì, Di María sọ ọ́ di 1–1. Àfikún àkókò ni Chelsea tó wá fi borí, 4–1. Pẹ̀lú gbogbo owó tó wà nídìí eré yẹn, kò sẹ́ni tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ Ọ̀yọ́.

Ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù ni oṣù Kẹta sí Karùn-ún àti ìgbà àrọ̀kúrò, ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá. Òjò ìgbà wọ̀nyí ló máa ń kó ìjì àti àrá dání. Ti oṣù Keje lè rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ láìsí ariwo kankan. Tí kóòṣì ò bá gbọ́, ẹ mú ọmọ yín kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Kípà ò wọ́n n'Ìbàdàn, ẹgbẹ́ náà ò sì wọ́n.

*

Ìyá Tíṣà, a dáwó jọ fún bàbá kan pé kó bá wa dá òjò dúró lọ́jọ́ àṣekágbá wa. Òjò rọ̀. Bàbá náà ní òun ṣe é, pé àwọn tí a bá figagbága ló ṣe ju òun lọ. Ṣé a lè gba owó wa padà?
Àwọn alátìlẹ́yìn, Sángo

Ẹ ò kọ̀wé àdéhùn, ẹ ò gba rìsíìtì, ẹ wá ń bi mí ní owó. Ìlú tí òjò tó ń rọ̀ sí i lọ́dún lé ní 1,200 mìlímítà ni Ìbàdàn, ìgbà òjò sì ni ẹ mú àṣekágbá sí. Bí ó bá ku owó lọ́wọ́ akápò, ẹ fi ra tapólì ńlá méjì, kí ẹ fi bo iwájú ilé méjèèjì láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Òun náà ń dá òjò dúró.

*

Ẹ káàsán mà. Ọmọ ilé-ìwé gíga ni mí. Kóòṣì wa sọ pé ká má fi orí gba bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ òjò nítorí ó máa ń wúwo. Ṣé òótọ́ ni?
Ọmọ ilé-ìwé, Àpáta

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kóòṣì yín nìyẹn. Nígbà tí òun wà ní ọmọdé, awọ màlúù ni wọ́n fi ń ṣe bọ́ọ̀lù. Òjò máa ń wọ inú awọ náà, tó bá fi máa di ìlàjì eré, ó ti di òkò. Àwọn àgbà tó máa ń fi orí gbá a ń sọ pé ojú àwọn máa ń ṣú. Ife Àgbáyé ọdún 1986 ní Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo bọ́ọ̀lù tí kò sí awọ nínú rẹ̀ rárá, Azteca ni wọ́n pè é. Lónìí, òfin ní kí bọ́ọ̀lù wọn 410 sí 450 gíráàmù nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀. Kí FIFA tó lu èyí tó dára jù lóǹtẹ̀, wọ́n á yí i, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ nínú omi ní ìgbà 250, omi tó bá sì mu kò gbọ́dọ̀ fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún ìwọ̀n rẹ̀.

Ṣùgbọ́n má tíì lọ fi kóòṣì ṣe yẹ̀yẹ́. Bọ́ọ̀lù tó ní òǹtẹ̀ yẹn ni mo sọ. Èyí tí wọ́n fi òwú rán, tí ẹ rà ní Gbági lówó pọ́ọ́kú, ojú abẹ́rẹ́ ló máa ń gba omi sínú, tó bá sì ti bó lára, ó tún burú sí i. Gbé tiyín sórí òṣùwọ̀n oníṣòwò ẹran kí òjò tó rọ̀, kí o tún gbé e lẹ́yìn eré. Ohun tí o bá rí, òun ni kí o gbà gbọ́.

*

Ẹ gbà mí. À ń fi 2–0 ṣáájú, ó ku ogún ìṣẹ́jú, rẹfirí ní pápá ti kún fómi, ó fọn fèrè, ó lọlé. Wọ́n ní ká tún un gbá láti ìbẹ̀rẹ̀! Ìrẹ́jẹ kọ́ lèyí?
Kápẹ́ńnì, Mọ́níyà

Ó dùn mí fún yín, àmọ́ ìrẹ́jẹ kọ́. Òfin Keje nínú òfin bọ́ọ̀lù sọ pé eré tí wọ́n dá dúró kó tó parí, wọ́n á tún un gbá ni, àyàfi bí ìwé òfin ìdíje yín bá sọ nǹkan mìíràn. Rẹfirí ló ní àṣẹ láti dá a dúró, kò nílò kó gba ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni. Ohun tó yẹ kí ẹ bá àwọn alákòóso jà lé lórí ni ìwé òfin náà: kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé bí òjò bá dá eré dúró, ibi tó dé ni wọ́n á ti máa bá a lọ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ ìdíje ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ lọ sọ ọ́, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó ń ṣáájú ẹnì kan.

*

Mà, bùútù mi ti ń ya lẹ́nu. Gbogbo ìgbà tí òjò bá pa á, ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ ni mò ń sá a sí kó lè yá gbẹ. Mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni.
Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, Ìwó Road

Jẹnẹrétọ̀ ló ń ya á. Ooru líle ń yọ́ gọ́ọ̀mù tó mú ìsàlẹ̀ rẹ̀ dání, ó sì ń mú kí òkè rẹ̀ gan pa. Fi omi tútù fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, yọ okùn rẹ̀, fa ahọ́n rẹ̀ síta, kí o wá rún ìwé ìròyìn àtijọ́, kí o fi kún inú rẹ̀ dáadáa. Gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kì í ṣe inú oòrùn. Tí ìwé náà bá ti rin, yọ ọ́, fi òmíràn sí i. Tó bá fi di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti gbẹ. Kí o ṣáà ti rí i pé o ka ìwé ìròyìn tiwa tán kí o tó rún un.